Ẹni Tí Ń Ṣọ́lé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Òwe yìí dùn létí, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láyé tí ó dojú òwe yìí dé. Lẹ́nu iṣẹ́ náà, ojoojúmọ́ ni ti olóhun, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ènìyàn yóò sì máa ròyìn títí ayé. Iṣẹ́ aṣọ́lé nínú eré bọ́ọ̀lù ni mò ń wí.

Ní àdúgbò wa ní Ajah, ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé tí wọ́n fi iyanrìn kún. Irà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun láti Lekki títí dé ọ̀dọ̀ wa ti jẹ́ irà rí. Ẹni tí ó ni ín kò tíì kọ́lé sí i, àwọn ọmọdé sì ti sọ ọ́ di pápá. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti rọ̀, wọn á gbé búlọ́ọ̀kù méjì méjì sí òpin méjèèjì, ìyẹn ni òpó. Wọn á wá pín ara wọn. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé láti wo bí wọ́n ti ń pín in. Ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, ẹni tí ó tún mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n ń mú tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó kéré jù, òun ni wọn yóò nawọ́ sí pé, "Ìwọ ni kípà!" Bí bọ́ọ̀lù mẹ́wàá bá dé, tí ọmọ náà mú mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ̀kẹwàá bá wọlé, èébú tí wọn yóò rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí yóò dé ọ̀dọ̀ mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí a ń gbé ní agbègbè yìí ni ó yẹ kí a mọ iyì ẹni tí ń ṣọ́nà ju gbogbo ènìyàn lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá yóò ti rí i pé ilẹ̀ géètì ni ilẹ̀ yìí. Géètì wà ní ẹnu àdúgbò, géètì wà ní ẹnu ẹ̀sìtéètì, géètì wà ní ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí géètì tí kò ní mẹ́gáàdì tàbí ọlọ́dẹ tirẹ̀. À ń sùn nítorí pé òun kò sùn. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ń ṣí géètì fún un? Ọjọ́ tí olè bá wọlé ni a máa ń wádìí orúkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bàbá wa kò fojú tín-ín-rín ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn Ẹ̀ṣọ́, àṣàyàn ọmọ ogun Aláàfin, jẹ́ 70 níye, oyè pàtàkì sì ni oyè wọn. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ojúlówó Ẹ̀ṣọ́ ni pé iwájú ni ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń wà, nítorí pé kì í kẹ̀yìn sí ogun. Oníbodè náà wà, tí ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé bá wa, tí a ní láti fi èdè tiwa sọ ọ́, ilé ni a pe ibi tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀, aṣọ́lé ni a sì pe ẹni tí ó dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí a ti ń lò ó lọ. Ta ni a máa ń fi ilé ṣọ́? Ẹni tí ọkàn wa balẹ̀ sí ni. Ọ̀rọ̀ wa mọ iyì ẹni náà, àwa tí ń sọ ọ̀rọ̀ ni a gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, Nàìjíríà fi 3 sí òdo na Algeria, a sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ti dàgbà nígbà náà léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, yóò sọ fún yín pé Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudashiru Lawal gbá ẹyọ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òdo tí ó wà níwájú orúkọ Algeria, ta ni ó ni ín? Best Ogedegbe, aṣọ́lé Shooting Stars ti Ìbàdàn, ni ó ni ín. Góòlù ní olówó, òdo kò ní. Ogedegbe kú ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé wa kò sì tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Aṣọ́lé tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Peter Rufai, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè ní Dodo Mayana. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ ná: ti Onígbàgbọ́ níwájú, ti Mùsùlùmí lẹ́yìn, àwọn méjèèjì wà lára ẹnìkan ṣoṣo bí wọ́n ti máa ń wà lábẹ́ òrùlé kan ní ilẹ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ni ọba ìlú Ìdímù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ ọba ni Rufai. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Stationery Stores ni ó ti kọ́kọ́ lókìkí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè. Ẹni tí kò gbé Èkó nígbà náà kò lè mọ ohun tí Stores jẹ́. Israel Adebajo ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1958, ìfẹ́ tí àwọn ará Èkó ní sí i sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀sìn. Láti ibẹ̀ ni Rufai ti lọ sí Femo Scorpions ti Ẹ̀rúwà. Lẹ́yìn náà ó ré ibodè kọjá lọ sí Dragons de l'Ouémé ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ di Porto-Novo. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dé Àjàṣẹ́ kò tíì kúrò nílé, nítorí pé yóò gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ọjà. Ní 1987 ni ó tó kúrò nílé ní tòótọ́, tí ó gba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lọ. Ó ṣọ́lé fún Lokeren, ó ṣọ́lé fún Beveren. Ó lo sáà kan ní Go Ahead Eagles ní Netherlands. Ní 1994 ó lọ sí Farense, ẹgbẹ́ ìlú Faro ní etí òkun ilẹ̀ Potogí. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ní sáà 1994 sí 1995 ó ṣe ipò karùn-ún ní ilẹ̀ náà, ó sì fi bẹ́ẹ̀ wọ ìdíje UEFA Cup fún ìgbà àkọ́kọ́. Rufai tún kọjá sí Hércules ní Spain, ó lọ sí Deportivo La Coruña, ó sì padà sí ilẹ̀ Potogí lọ bá Gil Vicente. Bí a bá kà á, ẹgbẹ́ 10 ni, ní orílẹ̀-èdè 6, láàárín nǹkan bí 20 ọdún.

Kí ni ó ń jẹ́ kí aṣọ́lé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ ni atamátàsé iwájú fi ń jẹun. Bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀, oúnjẹ tán. Aṣọ́lé nílò ara líle, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n òye ni ó ń bọ́ ọ. Ó ní láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí wọ́n tó gbá a. Ó ní láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jáde àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ó ní láti máa pe àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó máa tò wọ́n bí àgbà ti ń to ọmọ ilé. Òye bẹ́ẹ̀ a máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Dino Zoff ti Ítálì fi gba Ife Àgbáyé 1982 ní ẹni 40 ọdún, tí Essam El-Hadary ti Íjíbítì sì fi mú pẹnáritì kan ní Ife Àgbáyé 2018 ní ẹni 45 ọdún. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó ń mú aṣọ́lé pẹ́ ni ó ń jẹ aṣọ́lé kejì níyà. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń wọ ibẹ̀. Rufai fúnra rẹ̀ mọ ìjókòó yìí. Ní La Coruña, Jacques Songo'o ọmọ Kamẹrúùnù ni ó ń ṣọ́lé, Rufai sì wà lórí bẹ́ǹṣì tí ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ní ti orílẹ̀-èdè wa, ọmọ 20 ọdún ni nígbà tí ó ṣọ́lé fún ikọ̀ tí Adégbóyè Onígbìndé kó lọ sí Côte d'Ivoire ní 1984. A dé àṣekágbá, Kamẹrúùnù fi 3 sí 1 nà wá. Ọdún mẹ́rin kọjá, a tún dé àṣekágbá ní Casablanca ní 1988, Kamẹrúùnù kan náà tún fi ẹyọ kan sí òdo nà wá. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé orí òun kò bá ife ẹ̀yẹ mu. Rufai kò kúrò níbẹ̀. Ní 1993, nígbà tí a ń fi 6 sí òdo na Ethiopia, òun fúnra rẹ̀ rìn láti ẹnu ilé rẹ̀ lọ gbá pẹnáritì kan wọlé. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà, nítorí ìgbà díẹ̀ ni ẹni tí ń ṣọ́nà ń lọ kí ilé onílé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ní Tùnísíà, ọ̀pá yí. Côte d'Ivoire bá wa ta ọ̀mì 2 sí 2, pẹnáritì ni a fi borí wọn, 4 sí 2. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Emmanuel Amunike gbá méjì wọlé sí àwọ̀n Zambia, a gba ife náà pẹ̀lú 2 sí 1. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Rufai fi ń lépa rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni a kọ́kọ́ lọ sí Ife Àgbáyé, ní Amẹ́ríkà. A fi 3 sí òdo na Bulgaria, a fi 2 sí òdo na Greece, Argentina fi 2 sí 1 nà wá. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, Ítálì wà ní ìṣẹ́jú 2 péré sí ìlẹ̀kùn àbájáde kí Roberto Baggio tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 88, tí ó sì tún fi pẹnáritì ìṣẹ́jú àfikún rán wa lọ sílé. Mo rántí pé ẹnikẹ́ni kò bú Rufai lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni a sun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ adé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, Rufai wà ní Spain nígbà tí ọba Ìdímù wàjà. Wọ́n fún un láyè láti wá sílé kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó wá, ó sì kọ̀ ọ́. Ó padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ni ní èdè àti àṣà Yorùbá, mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti tóbi tó. Ẹ̀jẹ̀ ń ta sílẹ̀ lórí adé ní ilẹ̀ yìí. Ẹjọ́ oyè wà tí ó dàgbà ju adájọ́ tí ń gbọ́ ọ lọ. Ọmọ ọba tí adé súnmọ́, tí ó sì yí ojú kúrò, nítorí pé ó kù díẹ̀ kí ó lọ dúró láàárín òpó méjì ní ilẹ̀ Faransé, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, bí mo bá rò ó dáadáa, mo rí i pé oyè àti iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ara wọn. Ọba kì í rìn gbéregbère, ààfin ni ààlà rẹ̀. Aṣọ́lé náà ní ìlà tí wọ́n fà yí i ká. Ohun tí ó bá burú ní ìlú, ọrùn ọba ni ó ń bọ́ sí. Ohun tí ó bá burú ní pápá, ọrùn aṣọ́lé ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í dọ̀bálẹ̀ kí aṣọ́lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí nìyí, n óò sì sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1998, Nàìjíríà pàdé Spain ní Nantes. Aṣọ́lé Spain ni Andoni Zubizarreta, ẹni 36 ọdún, tí ó ti dúró fún ilẹ̀ rẹ̀ ju ìgbà 120 lọ. A ń jẹ 1 sí 2 nígbà tí Garba Lawal fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá níwájú ilé wọn. Zubizarreta na ọwọ́ láti tì í dànù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sínú àwọ̀n. Kò pẹ́ tí Sunday Oliseh fi gbá ẹ̀kẹta tí gbogbo ayé mọ̀, a sì fi 3 sí 2 borí. Gbogbo wa ni a fi Zubizarreta ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà 120 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ti dúró di òfúùfù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò mọ̀ pé àwòrán ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni mò ń wò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, a pàdé Denmark. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Brazil tí a óò bá pàdé tẹ̀lé e ni ó gba gbogbo ẹnu wa. A ti jẹ ẹran kí a tó pa á. Ilé bàbá mi ni a ti wò ó, ilé kún dẹ́nu. Ìṣẹ́jú 3, Peter Møller gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Ìṣẹ́jú 12, Rufai ta bọ́ọ̀lù kan padà, kò mọ́ ọn lọ́wọ́, Brian Laudrup sì sáré bá a. Ẹ̀kẹta wọlé, ẹ̀kẹrin wọlé. Tijani Babangida dá ẹyọ kan padà fún wa, 4 sí 1. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri wa ni ó lanu lọ́jọ́ náà. Àwọn ará Denmark ń rìn kọjá láàárín àwọn adènà wa bí ẹni tí ń rìn lójú ọjà. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sídìí ògiri ni mo bú.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n mi, òun ni mo fi ń jẹun. Olùkọ́ ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ó sì máa ń dùn mọ́ mi bí mo bá sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní, "Ọmọ ọba tí kò lè ṣọ́ ààfin bàbá rẹ̀, ilé ta ni ó fẹ́ ṣọ́?" Ilé ya. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn gbàgbé pé wọ́n nà wá. Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Irọ́ ni. Ọkùnrin náà ti fi ọdún púpọ̀ ṣọ́lé fún wa. Nítorí ilé wa ni ó sì ṣe fi ààfin sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí n fi yìn ín ni mo fi gún un. Àṣà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, tí mo mọ̀ dáadáa, ni mo sọ di ọ̀bẹ. Ife Àgbáyé yẹn ni ó parí iṣẹ́ rẹ̀ fún Nàìjíríà, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 65. Èébú ni mo fi sìn ín sílé.

Àbúrò mi ọkùnrin jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ náà, ọmọ 13 ọdún. Òun ni aṣọ́lé ilé-ìwé wọn. N kò fiyè sí i nígbà tí ó dìde jáde.

Nígbà tí ìròyìn kàn pé Peter Rufai ti papò dà ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2025, ní ẹni 61 ọdún, gbogbo ẹnu ni ó yí padà sí ìyìn. Bí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwọn tí wọ́n bú u ní 1998 ń pè é ní akọni, èmi náà ń mi orí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ náà, àbúrò mi yà sọ́dọ̀ mi ní Ajah nígbà tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Sangótẹ̀dó ni ó ń gbé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti lé e wọlé wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní ojú ọ̀nà wa. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nípa Rufai lọ́jọ́ Denmark?"

Mo ní n kò rántí. Irọ́ ni mo pa.

Ó ní, "Èmi rántí. Ọjọ́ yẹn ni mo fi gólì sílẹ̀. Mo rò ó pé bí ẹ bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí Rufai, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ti ṣe, kí ni ẹ óò wá sọ sí èmi?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó jẹun, ó lọ. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà sì ti sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí ó bá balẹ̀. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ẹni tí ó jù ú lè máà mọ ẹni tí èérún rẹ̀ gún, títí di ọdún 27 lẹ́yìn náà. N kò sọ pé àbúrò mi ì bá di Rufai. Ó ṣeé ṣe kí ó má dára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àtidúró níbẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀, ẹ̀sín ni èrè rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún aṣọ́lé tiwọn. Wilfred Agbonavbare, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, wà nínú ikọ̀ wa ní Ife Àgbáyé 1994. Lẹ́yìn Rufai ni ó jókòó sí. Rayo Vallecano, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Madrid, ni ó ṣọ́lé fún láti 1990 sí 1996. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, àìsàn ìyàwó rẹ̀ gba owó ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń gbé ẹrù èrò ní pápá ọkọ̀ òfurufú Madrid kí ó lè jẹun. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní oṣù kìíní ọdún 2015. Kí ni àwọn ará Rayo ṣe? Wọ́n mú ẹnu ọ̀nà kan ní pápá ìṣeré wọn, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹni tí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún wọn di ẹnu ọ̀nà. Lóòótọ́, ìyẹn náà kò kúrò nínú bí a bá kú là á dère. Òkú kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ń jẹ́ orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ó sàn ju òdo tí kò ní olówó lọ. Mélòó ni ẹnu ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ aṣọ́lé ní gbogbo pápá ìṣeré wa?

Rufai tìkára rẹ̀ kò jókòó dúró de ẹ̀yẹ. Ní 2003, ní Spain, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aṣọ́lé sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n bú nítorí iṣẹ́ kan, ó wá jókòó ti àwọn ọmọdé láti fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó là kò sì hu koríko. Vincent Enyeama tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní ìgbà 101. Ní 2013, nígbà tí ó wà ní Lille ní ilẹ̀ Faransé, ó lo ìṣẹ́jú 1,062 ní líìgì wọn láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan wọlé. Òdo lẹ́yìn òdo lẹ́yìn òdo. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n kà á.

Mo ti sọ̀kalẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Mo máa ń lọ dúró lẹ́bàá pápá àwọn ọmọ náà nígbà mìíràn, lẹ́yìn ilé tí ó wà láàárín búlọ́ọ̀kù méjì. Bí ọmọ tí ó wà níbẹ̀ bá mú bọ́ọ̀lù kan, mo máa ń pàtẹ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó kù rò pé orí mi ti dàrú, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí ọmọ kan tí ó ń bá ẹlòmíràn jà pé òun ni òun yóò ṣọ́lé. Wọ́n ti já òkúta àti irin sí etí ilẹ̀ náà báyìí, ilé yóò dìde síbẹ̀ láìpẹ́, géètì yóò sì dìde síwájú ilé. Mo gbàdúrà kí àwọn ọmọ náà rí iyanrìn mìíràn.

Mo sì ti mọ orúkọ mẹ́gáàdì wa. Ọdún mẹ́fà ni ó ti ń ṣí géètì fún mi kí n tó béèrè rẹ̀.

Ní ti Peter Rufai, ọmọ ọba Ìdímù, n kò ní ẹnu ọ̀nà tí mo lè fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọ̀rọ̀ ni mo ní. Ọ̀rọ̀ ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ni mo sì fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ṣọ́lé fún wa pẹ́. Kí ó sùn wàyí. Kí ẹlòmíràn máa ṣọ́nà.